Àtúnṣe Wo Ló Yẹ Kó Wọ Ẹ̀dà Ìdúróṣinṣin? Ẹ̀kọ́ láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Olùtọ́jú Linux àti Debian fún Àwa Tí A Ń Kó Èdè Jọ

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àwọn tó ń tọ́jú kernel Linux àti Debian ṣe ń pinnu àtúnṣe tó yẹ kó wọ inú ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ti gbára lé, àti èyí tó yẹ kó dúró de ẹ̀dà tó ń bọ̀. Mo fi hàn pé ìbéèrè wọn kì í ṣe «Ṣé àtúnṣe yìí tọ́?» nìkan. Wọ́n tún ń béèrè pé: «Ta ni yóò jìyà bí a bá ṣe é, ta ni yóò sì jìyà bí a kò bá ṣe é?» Ní ìparí, mo dábàá òfin márùn-ún fún kọ́pọ́ọ̀sì tí a jọ ń lò ní ẹ̀ka wa.

1. Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bi ara mi. Kọ́pọ́ọ̀sì kan wà tí a jọ ń lò: ohùn àwọn àgbàlagbà tí a gbà sílẹ̀ ní Kétu àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, pẹ̀lú àdàkọ ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kan tí ọwọ́ mi dilẹ̀, mo jókòó ti àwọn fáìlì àdàkọ náà, mo sì tún wọn ṣe. Mo fi àmì ohùn sí ibi tí kò sí. Ibi tí wọ́n ti kọ «nígbàtí» ní ọ̀rọ̀ kan, mo pín in sí «nígbà tí». Ibi tí àwọn mìíràn ti fi ɛ àti ɔ kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin ti wí, mo sọ wọ́n di ẹ àti ọ kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Mo tọ́jú gbogbo rẹ̀ lé orí fáìlì àtijọ́, pẹ̀lú orúkọ kan náà. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣe ẹ̀ka wa lóore.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tí soutenance rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì pè mí. Ó ní: «Àbúrò, kí lo ṣe sí kọ́pọ́ọ̀sì?» Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò ti béèrè bó ṣe ṣírò tábìlì kan nínú orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ìṣirò náà ṣe, iye tó rí kò sì bá èyí tó ti kọ mu. «Nígbàtí» tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ti di méjì, nítorí náà iye gbogbo ọ̀rọ̀ inú kọ́pọ́ọ̀sì ti lé sí i, ìdá ọgọ́rùn-ún gbogbo sì ti yí. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kà sí oríṣi méjì ti di oríṣi kan. Kò ní ọ̀nà kankan láti fi han àwọn olùyẹ̀wò pé òun kò hùmọ̀ nọ́ńbà. Ọpẹ́lọpẹ́ clé USB kan tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn gbàgbé sínú dúróà, inú rẹ̀ ni a ti rí ẹ̀dà àtijọ́.

Mo tọrọ àforíjì, ó sì dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ kò kúrò lọ́kàn mi: «Ohun tí o ṣe dára. Ibi tí o ṣe é sí ni kò dára.»

Nígbà tí mo ń wá bí irú rẹ̀ kò ṣe ní í ṣẹlẹ̀ mọ́, mo rí i pé àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ti ń bá ìṣòro yìí wọ̀yá ìjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ti kọ òfin sílẹ̀ lórí rẹ̀. Òfin wọ̀nyí yẹ ní kíkà fún onímọ̀ èdè, nítorí pé àwa náà ní ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ́lé lé lórí.

2. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a ó máa lò

Ohun tí àwa tí a kàwé ní èdè Faransé mọ̀ sí version stable ni mo pè ní ẹ̀dà ìdúróṣinṣin. Orúkọ náà lè tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ohun tí kò ní àléébù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ìdúróṣinṣin lè ní àléébù púpọ̀. Ohun tó ṣèlérí ni pé kò ní í yí padà lójijì. Àléébù tó ní lánàá ni yóò ní lónìí, ẹni tó bá sì ti mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ kò ní í bá òmíràn pàdé láàárọ̀ ọ̀la.

Àbùlẹ̀ ni mo pe ìwé àyípadà kan ṣoṣo tó ń fi ìlà tí a yọ àti ìlà tí a fi sí i hàn, pẹ̀lú ìlà díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kí a lè mọ ibi tó wà. Bí télọ̀ ṣe ń bu aṣọ lẹ̀, ojú ibi tó ya nìkan ló ń bò. Ìfàsẹ́yìn ni kí ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ má ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí àtúnṣe tí a ṣe. Ẹ̀dà àgbà ni ibi tí iṣẹ́ tuntun gbogbo ti ń lọ lọ́wọ́, tí gbogbo ẹ̀dà yòókù sì ti ń ya jáde.

3. Òfin àwọn olùtọ́jú kernel Linux

Kernel ni apá tó dúró láàárín ẹ̀rọ gan-an àti àwọn ètò tí a ń lò. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ, òun ló ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, òun ló sì ń pín àyè ìrántí fún ètò kọ̀ọ̀kan. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ kernel Linux ní ọdún 1991. Lóde òní, ẹ̀dà àgbà tuntun ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 sí 10, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àyípadà ló sì ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ gidi kò lè máa sáré tẹ̀lé gbogbo ìyẹn. Ìdí nìyí tí Greg Kroah-Hartman àti Chris Wright fi bẹ̀rẹ̀ ìlà ẹ̀dà ìdúróṣinṣin ní oṣù kẹta ọdún 2005, pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n pè ní 2.6.11.1. Nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ló gbé ìlérí náà: gbogbo ohun tó wà nínú 2.6.11 ló wà níbẹ̀, àfi àtúnṣe díẹ̀ tí a dárúkọ.

Òfin tí wọ́n fi ń yan àtúnṣe wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà kernel fúnra rẹ̀. Mo tún un sọ ní ọ̀rọ̀ tèmi. Àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀dà àgbà ná. Ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba pé ó tọ́, kí a sì ti dán an wò. Kò gbọ́dọ̀ ju ìlà 100 lọ, àti ìlà àyíká rẹ̀. Àléébù tó ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu ní tòótọ́ ni kó tún ṣe: ẹ̀rọ tó dákú, dátà tó bàjẹ́, ihò ààbò, ètò tó kọ̀ láti ṣe kọ́ńpáìlì. «Ó ṣeé ṣe kí èyí di ìṣòro lọ́jọ́ kan» kò tó. Àtúnṣe sípẹ́lì àti títo àlàfo kò sì gbọ́dọ̀ wọlé rárá.

Òfin kọ̀ọ̀kan ní ìdí. Èyí tó sọ pé ẹ̀dà àgbà ni kí àtúnṣe kọ́kọ́ dé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò. Bí a bá tún àléébù kan ṣe nínú ẹ̀dà àtijọ́ nìkan, ẹni tó bá kó lọ sí ẹ̀dà tuntun yóò tún bá àléébù náà níbẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ̀dà àgbà ni ojú púpọ̀ wà. Àtúnṣe tó bá ní ìfàsẹ́yìn nínú, ibẹ̀ ni ó ti sàn kó hàn.

Òfin ìlà 100 ń wo agbára ẹni tó ń kà á. Ènìyàn lè jókòó ka ojú ìwé méjì kí ó sì yé e dé ìsàlẹ̀. Kò lè ka ogójì ojú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó sì tún ní ọgọ́rùn-ún àbùlẹ̀ mìíràn tó ń dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ tó gba àfiyèsí onímọ̀ èdè jù ni «ó hàn gbangba». Ta ni ó hàn sí? Ẹni tó kọ àtúnṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń hàn sí. Òfin náà ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò kọ ọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé àkójọ àbùlẹ̀ síta kí ẹ̀dà ìdúróṣinṣin tó jáde. Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ayẹ̀wò ní wákàtí 48 láti gbà á tàbí láti kọ̀ ọ́.

Ẹni tó kọ àtúnṣe ló sábà máa ń fi àmì sí i pé ó yẹ fún ẹ̀dà ìdúróṣinṣin. Ó tún máa ń kọ ìlà kan tó ń dárúkọ àyípadà àtijọ́ tó bí àléébù náà. Ìlà yẹn wúlò púpọ̀: bí ẹ̀dà kan kò bá ní àyípadà tó bí àléébù, kò nílò àtúnṣe rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń tọ ìran àìsàn dé ilé tó ti wá kó tó fún ènìyàn lóògùn.

Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ àtúnṣe máa ń gbàgbé láti fi àmì náà sí i. Nítorí èyí, Sasha Levin, tí òun pẹ̀lú ń tọ́jú ẹ̀dà ìdúróṣinṣin, ṣe irinṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ wo àwọn àyípadà inú ẹ̀dà àgbà, tó sì ń dábàá èyí tó jọ àtúnṣe àléébù. Àríyànjiyàn dìde lórí rẹ̀. Apá kan ní, àtúnṣe tí a gbàgbé ń pa ẹni tí kò mọ̀ lára. Apá kejì ní, àtúnṣe tí a já kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣe ìpalára ju àléébù lọ, nítorí ó lè jẹ́ pé ó gbára lé àyípadà mìíràn tí kò sí nínú ẹ̀dà àtijọ́. Ọ̀rọ̀ apá méjèèjì ló ní ìwúwo. Bí gbólóhùn kan ṣe lè tọ̀nà nínú ìtàn tí a ti mú un, kó sì di irọ́ nínú ìtàn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni àbùlẹ̀ rí.

4. Debian: ilé mẹ́ta àti orúkọ tó ń sọ̀rọ̀

Debian ń kó kernel àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò mìíràn jọ sí ojú kan. Ilé mẹ́ta ni iṣẹ́ ń gbà kọjá níbẹ̀. Nínú unstable ni ohun tuntun ti ń kọ́kọ́ wọlé. Bí ọjọ́ díẹ̀ bá kọjá tí a kò rí àléébù ńlá tuntun nínú rẹ̀, ó bọ́ sínú testing. Ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì, wọ́n á dá testing dúró, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì sọ ọ́ di stable. Debian 12 jáde bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023.

Lẹ́yìn èyí, ìlẹ̀kùn stable kò ṣí gbayawu mọ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì-méjì, wọ́n ń kó àtúnṣe kéékèèké jọ sínú ẹ̀dà kékeré kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ kún un gbọ́dọ̀ ti tún àléébù náà ṣe nínú unstable, kó fi ìyàtọ̀ láàárín ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí hàn ní ìlà dé ìlà, kó sì ṣàlàyé ìdí fún ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìgbéjáde. Ẹgbẹ́ yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá.

Ọ̀rọ̀ ààbò ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí pé kò lè dúró fún oṣù méjì. Síbẹ̀, ìlànà kan náà ló ń darí rẹ̀: kí àyípadà kéré bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Bí ẹni tó ni ètò bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde tó tún ihò kan ṣe, tó sì fi ohun tuntun ogún kún un, Debian kì í sábà gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n á yọ àtúnṣe ihò náà nìkan, wọ́n á sì gbé e padà sínú ẹ̀dà àtijọ́ tó wà nínú stable.

Ohun kan tó wù mí níbẹ̀ ni ìsọlórúkọ. Ètò tí a tún ṣe nínú Debian 12 máa ń ní «+deb12u1» lẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀. Bí a bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó di «+deb12u2». Mófíìmù kékeré yìí sọ ohun mẹ́ta: ẹ̀dà wo ni ìpìlẹ̀, ilé wo ni a ti tún un ṣe, ìgbà mélòó ni a ti tún un ṣe. Ohun tí èmi ṣe sí kọ́pọ́ọ̀sì ni òdì-kejì rẹ̀ gan-an: inú yí, orúkọ kò yí.

5. Àtúnṣe tó tọ́, tí kò sì yẹ

Àpẹẹrẹ tó kàn wá jù ni ti glibc, àkójọ iṣẹ́ ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò orí Linux gbára lé. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ èyí tó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ̀dà 2.28, tó jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2018, mú ètò títo ọ̀rọ̀ bá ẹ̀dà tuntun ìlànà àgbáyé ISO 14651 mu. Lójú onímọ̀ èdè, ìlọsíwájú ni: ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí a kò fún ní ipò gidi tẹ́lẹ̀ ti ní ipò.

Ṣùgbọ́n àwọn ètò tó ń tọ́jú dátà, bíi PostgreSQL, ti to atọ́ka wọn sórí díìsìkì ní ìbámu pẹ̀lú ètò àtijọ́. Ẹ fojú inú wo ìwé atúmọ̀ èdè kan. Bí a bá to ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bíi ti Faransé, «gbà» yóò ṣáájú «gé», nítorí pé b ṣáájú e. Bí a bá tò ó ní ọ̀nà Yorùbá, gb jẹ́ lẹ́tà kan tó tẹ̀lé g, nítorí náà «gé» àti «gún» yóò ṣáájú «gbà». Ọ̀nà méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀nà kìíní to ìwé, tí a sì fún ẹni tó mọ ọ̀nà kejì nìkan ní ìwé náà, yóò ṣí ibi tó yẹ kí «gbà» wà, kò ní í bá a níbẹ̀, yóò sì búra pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí atọ́ka tí a kò tún tò lẹ́yìn glibc 2.28 nìyẹn. Ètò lè sọ pé ohun tó wà kò sí. Ó lè gba ohun kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì níbi tí a ti ní kí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kò pariwo, kò sì dákú. Èsì tí kò tọ́ ló kàn ń fúnni. Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn, kí a tún atọ́ka kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé ohun kan ti yí nìkan ló lè lo ìwòsàn náà.

Debian 9 ní glibc 2.24, ó sì dúró lórí rẹ̀. Inú Debian 10, tó jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 2019, ni 2.28 ti wọlé. Nígbà tí ènìyàn bá ń kó láti ẹ̀dà kan lọ sí òmíràn, ó mọ̀ pé òun ń kó; ó ń ka ìwé àlàyé, ó ń fi ẹ̀dà pamọ́, ó ń yẹ ẹrù wò. Bí ó bá jẹ́ pé inú àtúnṣe kékeré ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ètò títo tuntun ti wọlé, ta ni ìbá fura? Àtúnṣe náà tọ́, ṣùgbọ́n àkókò tirẹ̀ kì í ṣe àárín ọdún.

6. Àtúnṣe kékeré tó dá wàhálà ńlá sílẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kíkéré ti tó. OpenSSL ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Agbára kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rò tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2006, nínú Debian, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Valgrind ń kìlọ̀ pé OpenSSL ń ka àyè ìrántí tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Láti pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́, a yọ ìlà méjì. Ọ̀kan kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èkejì ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo àìròtẹ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nígbà tí ó lọ, ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń yàtọ̀ ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, iye rẹ̀ kò sì ju 32,768 lọ. Kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kó pọ̀ ju iyanrìn etí òkun lọ di ohun tí ènìyàn lè dán wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá èyí tó ṣí ilẹ̀kùn.

Àyípadà yìí wọ Debian 4.0 ní oṣù kẹrin ọdún 2007. Luciano Bello ló rí i. Debian kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2008, ó sì di dandan kí a sọ àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a ti ṣe ní àárín ìgbà náà nù, kí a ṣe òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin apá kẹta wọ̀n ọ́n. Ó kéré: ó yege. Ó jọ pé ó hàn gbangba pé ó tọ́: ó yege lójú ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣé ó tún àléébù tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu ṣe? Rárá, ìkìlọ̀ ló pa lẹ́nu mọ́. Ṣé ó ti wà nínú ẹ̀dà àgbà OpenSSL ná? Rárá, inú Debian nìkan ló wà. Àwọn òfin wọ̀nyí kì í dá dúró. Ohun tí ọ̀kan kò rí mú, òmíràn lè mú un.

7. Nígbà tí dídúró fúnra rẹ̀ di àṣìṣe

A lè rò pé bí iyèméjì bá wà, kí a má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró de ẹ̀dà wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjọba Mòrókò kéde pé orílẹ̀-èdè náà yóò dúró lórí àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó ku ọjọ́ méjì péré kí aago padà sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ti di èké ní òru ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Aago rẹ̀ fi wákàtí kan sẹ́yìn. Nítorí irú èyí, Debian ń jẹ́ kí dátà àkókò àgbáyé wọ stable láì dúró de ẹ̀dà kékeré tó ń bọ̀.

Bákan náà ni Firefox. Ihò ààbò inú rẹ̀ pọ̀, kóòdù rẹ̀ sì ń yára yí padà débi pé gbígbé àtúnṣe kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn kò ṣeé ṣe mọ́. Debian gbà láti máa mú ẹ̀dà tuntun ti Firefox ESR wọ inú stable. Nínú oṣù kìíní ọdún 2018 pẹ̀lú, nígbà tí àléébù Meltdown inú ẹ̀rọ ìṣirò hàn sí gbogbo ayé, àtúnṣe tó wọ àwọn kernel ìdúróṣinṣin ju ìlà 100 lọ fíìfíì. Wọ́n rú òfin náà nítorí pé ìyà tí dídúró yóò mú wá ju ìyà tí àyípadà lè mú wá lọ. Wọn kò sọ pé òfin náà ti kú. Wọ́n mọ ohun tí a torí rẹ̀ ṣe é.

8. Ohun tó kan kọ́pọ́ọ̀sì wa

Láti inú gbogbo èyí, mo gbé àbá márùn-ún síwájú ẹ̀ka wa.

Ìkíní: ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan yóò ní nọ́ńbà àti ọjọ́. Ẹ̀dà tí a ti gbé jáde, a kò ní í kọ nǹkan lé e lórí mọ́. Ẹni tó bá tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ nọ́ńbà náà.

Ìkejì: àtúnṣe gbogbo yóò kọ́kọ́ wọ ẹ̀dà iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, tí gbogbo wa ń wò.

Ìkẹta: ohun tó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà nípa ẹni tó sọ̀rọ̀ tàbí ohun tó sọ nìkan ni yóò wọ ẹ̀dà ìdúróṣinṣin, pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ohùn tí a so mọ́ orúkọ ẹlòmíràn, ìlà tó já bọ́, fáìlì tí kò ṣí. Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró dúró rárá: bí àgbà tó fún wa ní ọ̀rọ̀ tàbí ìdílé rẹ̀ bá ní kí a yọ orúkọ tàbí ìtàn kan kúrò. Ìyẹn ni ihò ààbò tiwa. Ó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́jọ́ náà, kódà nínú ẹ̀dà àtijọ́, bí ó tilẹ̀ ba tábìlì ẹnìkan jẹ́.

Ìkẹrin: àtúnṣe kan, ohun kan. Ẹni tí kò ṣe é ni yóò gbọ́ ohùn náà, tí yóò sì fọwọ́ sí i.

Ìkarùn-ún: ọ̀rọ̀ sípẹ́lì àti pípín ọ̀rọ̀ yóò dúró de ẹ̀dà ńlá tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé tó ń sọ ohun tó yí. Èyí kan kóòdù lẹ́tà pẹ̀lú. «Ẹ́» lè jẹ́ ẹ tí a fi àmì òkè sí, ó sì lè jẹ́ é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí. Ojú ń rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń ka méjì. Sísọ wọ́n di ọ̀kan dára, ṣùgbọ́n ó ń yí iye oríṣi ọ̀rọ̀ padà.

Kí a wá ṣe àṣìṣe tó kù sínú ẹ̀dà tó dúró báwo? Unicode fún wa ní àpẹẹrẹ. Lẹ́tà U+FE18 ní «BRAKCET» nínú orúkọ rẹ̀ dípò «BRACKET». Gbogbo ènìyàn rí i pé àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n Unicode ti ṣèlérí pé orúkọ lẹ́tà kì í yí, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwa náà lè ní ìwé àṣìṣe tó ń bá ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan rìn.

Ibi tó le ni àmì ohùn. Bí àgbà bá sọ «ọkọ́» tí àdàkọ sì ní «ọkọ̀», ó ti sọ irinṣẹ́ oko di ohun ìrìnnà. Lójú tèmi, bí ẹni méjì tó gbọ́ ohùn náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá fẹnu kò, kí ó wọlé. Ṣùgbọ́n bí àmì kàn ṣe aláìsí, tí ìtumọ̀ sì hàn, kí ó dúró. Olùkọ́ wa kan kò gbà. Ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn yóò ní kọ́pọ́ọ̀sì tí a tún ìdajì rẹ̀ ṣe, ìdajì bẹ́ẹ̀ sì burú ju èyí tí a kò fọwọ́ kàn lọ. Mi ò tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fi í síwájú ẹ̀yin òǹkàwé.

9. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ti ń rí. Nígbà kan, mo gbọ́ òwe yìí bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ àyípadà. Nísinsìnyí mo gbọ́ ọ bí ìlérí fún ẹni tó ti fi ohun tí a ṣe ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú Linux àti Debian kì í ṣe ọ̀tá àtúnṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún nǹkan ṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní ibi tó yẹ ẹ́ àti àkókò tó yẹ ẹ́, àti pé ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ti gba oyè rẹ̀. Nínú orí kẹrin, lábẹ́ tábìlì náà, ó kọ ìlà kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: nọ́ńbà ẹ̀dà kọ́pọ́ọ̀sì, àti ọjọ́ rẹ̀.